Omi Orí Ẹ̀jẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Gíga Lórí Ìfàjẹ̀síni-lára àti Oògùn Inú Plasma

Pessu wà létí omi ní ìlú Warri, àdúgbò àwọn Ìṣẹ̀kírì tí èdè wọn àti èdè tiwa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí ọjà sì ti sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti níye lórí tó, irú etí omi bẹ́ẹ̀ ni kí ó lọ: abiyamọ tí ó bímọ tán ní ìletò inú àbàtà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, tí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé sáré wá sí ìgboro, ọmọdé tí ibà ti run ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi funfun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkọ̀ gbá lójú ọ̀nà Effurun, ẹni tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń dà láàmú, gbogbo wọn, Ìṣẹ̀kírì ni o, Urhobo ni o, Ìjọ̀ ni o, Yorùbá ni o, ẹnu ọ̀nà bánkì ẹ̀jẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń já sí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bá níbẹ̀, pé, "Ta lẹ mú wá tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a fi wo ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní yunifásítì lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìfàjẹ̀síni-lára. Kí ni wọ́n ń kọ́? Ta ni ó ń kọ́ wọn? Nígbà tí wọ́n bá sì gboyè tán, kí ni ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe fún abiyamọ inú ọkọ̀ ojú omi náà, tí ọwọ́ àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe? Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá, mo yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, ibi tí mo sì já sí ni pé ẹ̀kọ́ wa mọ apá pupa ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì kọjú sí omi tí ń bẹ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú omi náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú oògùn wà.

Ìmọ̀ yìí kò tíì pẹ́ láyé. James Blundell, oníṣègùn agbẹ̀bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ara ènìyàn ní 1818, ohun tí ó sì ti í sí i ni ikú àwọn abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lójú rẹ̀. Àwọn kan yè, àwọn kan kú, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ títí di 1901, nígbà tí Karl Landsteiner ní Vienna fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀yà, àti pé ẹ̀yà tí kò bá ara wọn mu kò gbọdọ̀ pàdé nínú iṣan kan náà. Iṣẹ́ yìí ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1930, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù June, ni gbogbo ayé sì fi ń yẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sí lónìí. Ní 1914 ni wọ́n rí i pé iyọ̀ citrate kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní 1937 sì ni Bernard Fantus dá ilé ìkẹ́jẹ̀pamọ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Cook County ní Chicago, tí ó sì pè é ní bánkì, orúkọ tí ó ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

Nílẹ̀ tiwa, Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ni igi ìmọ̀ yìí ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò. Nígbà tí a ṣí ilé ìwòsàn UCH ní oṣù November 1957, kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ fi ń ti òkèèrè wá síbẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe láti kọ́ni nìkan, nítorí pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ wa ní nínú kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, lo nǹkan bí ọdún 10 ní Ìbàdàn, níbẹ̀ ni òun àti Usanga àti Reddy sì ti fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í gbèrú nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní èròjà G6PD bí ó ti ń gbèrú nínú ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Etim Essien, ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀, jókòó ní Ìbàdàn kan náà ti àwọn hóróhóró tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì di ẹni tí ayé ń tọ́ka sí. Ní Èkó, Olúfẹ́mi Akínyanjú fi ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ṣe iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀, àrùn tí àwọn baba wa rí tí wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n ń kọ ọmọ lára nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá dé ibi tí mo fẹ́ ti bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ wí: ìpìlẹ̀ tí a jogún kò kéré rárá.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà dé òkè nínú iṣẹ́ yìí lónìí. Ẹni tí ó bá jẹ́ dókítà yóò gba ọ̀dọ̀ National Postgraduate Medical College, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tàbí ọ̀dọ̀ West African College of Physicians, yóò lo ọdún mélòó kan ní ilé ìwòsàn ńlá, yóò ṣe ìdánwò lórí ìdánwò títí yóò fi di onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ àgbà. Ẹni tí ó bá jẹ́ onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò, tí ìgbìmọ̀ MLSCN tí òfin 2003 gbé kalẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ, yóò yan ẹ̀ka kan nínú mẹ́rin, yóò sì lọ gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì Benin, tí ó súnmọ́ Warri, àti ti Ambrose Alli ní Ekpoma, wà lára ibi tí àwọn ọmọ agbègbè náà máa ń lọ. Láàrín ọ̀nà méjèèjì yìí ni ìjà tí gbogbo ará ilé ìwòsàn mọ̀ wà, ìjà pé ta ni yóò jẹ́ olórí yàrá àyẹ̀wò, tí ó ti gbé wọn dé ilé ẹjọ́. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ: dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ kò fẹ́ dúró ti ẹ̀rọ, onímọ̀ àyẹ̀wò tí ń kọ́ṣẹ́ kò rí ẹsẹ̀ ibùsùn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ìfàjẹ̀síni-lára wà láàrín ibùsùn àti ẹ̀rọ gan-an. Erin méjì ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó fara gbá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú rẹ̀ kò ju 450 mililítà lọ. Bí àpò náà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí kò ní àwọn àpò kéékèèké tí a so mọ́ ọn, ọ̀nà rẹ̀ ti parí: inú fíríìjì ni yóò lọ, ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 6, láti ibẹ̀ yóò bọ́ sí apá aláìsàn lódindi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àpò alápò mẹ́ta, a óò gbé e sínú ẹ̀rọ sẹ́ńtífúùjì tí yóò fi í yí bírí-bírí nínú òtútù títí ohun wíwúwo yóò fi lọ sísàlẹ̀. A óò yọ ọ́ jẹ́jẹ́ láìmì í, a óò gbé e sáàárín irin afúnpò, a óò ṣẹ́ ìdè ẹnu rẹ̀, omi orí rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè yóò sì máa gba inú ọ̀pá rọ́bà kọjá lọ sínú àpò kejì, tí ojú ẹni tí ó dúró tì í kò sì gbọdọ̀ kúrò níbi tí pupa àti ìyeyè ti pààlà, nítorí pé bí pupa bá fi lè bá a kọjá, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Omi yìí, 200 mililítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ni plasma. Láàrín wákàtí 8 ó gbọ́dọ̀ ti dì gbagidi, kí ó sì wà nínú òtútù tí ó kọjá 18 sísàlẹ̀ òdo, lóru, lọ́sàn-án, iná mànàmáná wà ni o, kò sí ni o.

Àwọn ìyá wa tí ń ṣe ògì mọ ohun tí mo ń wí. Bí ògì bá tòrò, omidùn ni ó ń léfòó, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì dà á nù, ṣùgbọ́n àwọn ìyá a máa gbà á sínú ìkòkò láti fi ṣe àgbo, nítorí wọ́n mọ̀ pé agbára ń bẹ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwòsàn wa, a kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tòrò. Odindi ni a ń fún ọmọ tí pupa nìkan kù díẹ̀ káàtó fún, odindi ni a ń fún ẹni tí iná jó tí omi rẹ̀ nìkan lọ, odindi náà ni a ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi kò bá ẹni tí ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ lóru nígbà tí aláìsàn ń kú lọ wí, àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì ni mo ń bi pé títí di ìgbà wo ni a ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nítorí ohun tí wọ́n rí nínú omi yìí pọ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Edwin Cohn ní Harvard fi ọtí líle àti òtútù ya plasma sí ìpele-ìpele, ó mú albumin jáde nínú ìpele karùn-ún, oògùn yìí ni wọ́n sì sáré gbé lọ fún àwọn tí iná jó ní Pearl Harbor ní oṣù December 1941. Láti inú plasma ni immunoglobulin ti ń wá, tí ó ń dáàbò bo ọmọ tí a bí láìní agbára láti bá àrùn jà. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ tí a ń fi sí ojú ọgbẹ́ ẹni tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, àti abẹ́rẹ́ anti-D tí a gbọ́dọ̀ gún láàrín wákàtí 72 fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rh òdì tí ó bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí oyún tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣòfò. Láti inú rẹ̀ náà ni Factor VIII ti kọ́kọ́ wá, èyí tí ọkùnrin alárùn haemophilia, àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò ní, tí ó fi jẹ́ pé ilà abẹ́ lè pa á lọ́mọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ní 1964, Judith Graham Pool ní Stanford rí i pé bí a bá jẹ́ kí plasma dídì yọ́ jẹ́jẹ́ nínú òtútù, ohun kan máa ń kù nísàlẹ̀ àpò tí kò yọ́, Factor VIII sì kún inú rẹ̀. Ohun tí Pool rí yìí kò béèrè ilé iṣẹ́ ńlá kankan: sẹ́ńtífúùjì, firísà, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ti tó. Ó lè ṣeé ṣe ní Warri lọ́la bí a bá fẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ti ènìyàn nìkan ni plasma tí ń wo ni sàn. Ní Kaltungo, lókè Ọya, níbi tí ejò ti ń bu àwọn àgbẹ̀ jẹ ní àsìkò òjò, oògùn tí ń gba ẹ̀mí wọn là wá láti inú plasma ẹṣin tí a ń sìn ní Costa Rica, àti plasma àgùntàn tí a ń sìn ní ilẹ̀ Wales. Oró ejò ilẹ̀ Nàìjíríà ni a kó dé ọ̀hún, a fi í gún ẹran náà díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi kọ́ bí a ti ń bá a jà, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni a sì ń yọ́ mọ́ tí a ń dì sínú ìgò wá padà. Àwọn dókítà wa àti ti Gẹ̀ẹ́sì jọ dán oògùn méjèèjì wò ní Kaltungo, èsì rẹ̀ jáde ní 2010, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó dára jù tí ilẹ̀ yìí ti kópa nínú rẹ̀ lórí oògùn inú plasma. Oró jẹ́ tiwa, aláìsàn jẹ́ tiwa, dókítà jẹ́ tiwa. Ẹran náà nìkan ni kò jẹ́ tiwa, àti ìmọ̀ bí a ti ń yọ́ omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ sísọ plasma di oògùn léwu, ibi ewu náà sì ni ẹ̀kọ́ gíga ti wúlò jù. Láti ṣe ìgò oògùn kan, plasma ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ń dà pọ̀; bí kòkòrò bá wà lára ẹnìkan nínú wọn, ó lè bá gbogbo ìgò lọ. Báyìí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Bìrìtìkó láti bí ọdún 1970 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí oògùn tí a fún àwọn alárùn haemophilia, àti ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí àwọn mìíràn lára, fi kó HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ran èèyàn tí ó lé ní 30,000. Ìgbìmọ̀ tí Sir Brian Langstaff ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde ní ọjọ́ 20 oṣù May 2024, ohun tí ó sì rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àjálù náà ṣeé yẹra fún, àwọn aláṣẹ sì fi òtítọ́ pamọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Lónìí a ń se albumin ní ìwọ̀n ooru 60 fún wákàtí 10, a ń fi ọṣẹ pàtàkì bó èèpo àwọn kòkòrò mìíràn kúrò. Bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ dúró lórí àkọsílẹ̀, pé àpò wo ni, ọwọ́ ta ni ó ti wá, ìgbà wo ni a yẹ̀ ẹ́ wò, irú àyẹ̀wò wo sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọ́ bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò kò tíì kọ́ iṣẹ́ plasma.

Nílé, ìjọba àpapọ̀ dá National Blood Transfusion Service sílẹ̀ ní 2005, òfin 2021 sì sọ ọ́ di National Blood Service Commission. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé bí ènìyàn 1 nínú 100 bá ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àìní ìlú kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Àwa tí a lé ní 200 mílíọ̀nù, àpò mílíọ̀nù 2 ni ó yẹ kí a máa rí lọ́dún, a kò sì súnmọ́ ọn. Èyí tí a ń rí, ọwọ́ ẹbí aláìsàn ni ó ti ń wá jù lọ, bàbá, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, àti ẹni tí a sanwó fún lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí a ní kí ó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2018 sì fi hàn pé bí HIV kò tilẹ̀ kọjá ẹyọ kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B wà lára ènìyàn 8 nínú 100. Nítorí náà ni onímọ̀ plasma wa kò ṣe lè da ìwé òyìnbó kọ lásán. Irú ewu tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa yàtọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àṣegboyè tí ó ń jáde jù ní ẹ̀ka yìí, oríṣi méjì ni: ìkínní ń ka iye olùfiẹ̀jẹ̀sílẹ̀ tí ó ní kòkòrò yìí tàbí tọ̀hún ní ìlú báyìí, ìkejì ń ka iye ẹni tí ó jẹ́ O, A àti B nínú ẹ̀yà báyìí. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì lè ṣe é kí a má mọ̀ pé O lé ní ìdajì láàrín wa, pé Rh òdì kò ju 5 tàbí 6 lọ nínú 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti kà á ní Warri, tí a kà á ní Sapele, tí a kà á ní Abraka, tí iye kan náà ń jáde, kí ni a tún ń kà? Àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí ó farasin, tí àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra máa ń kọ̀, ni kò rí ẹni tí ó ń wá wọn tó. Ní Bìrìtìkó, ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ń bẹ àwọn ènìyàn dúdú, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham pẹ̀lú wọn, pé kí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Ro, tí ó ṣọ̀wọ́n láàrín òyìnbó, tí ó sì wọ́pọ̀ lára wa. Ohun tí wọ́n ń fi àtùpà wá lọ́hùn-ún, nílé ó kún ojú pópó, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ tí yóò ya plasma sí oògùn, Nàìjíríà kò ní. Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀ ní Pinetown, Íjíbítì sì ti bá ilé iṣẹ́ Grifols ti Sípéènì dòwò pọ̀ láti 2020. Àwọn kan ń sọ pé kí àwa náà kọ́ tiwa kíákíá. Mo rò pé èyí yóò jẹ́ kíkọ́ ògiri kí a tó ní ilẹ̀. New Zealand kò ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní: plasma àwọn ará ìlú rẹ̀ ni ó ń kó lọ sí Melbourne ní Ọsirélíà, oògùn ni wọ́n ń dá padà fún un. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí Àjọ ìlera àgbáyé gbé jáde ní 2021 fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa tọ́ka sí ọ̀nà yìí kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ kankan tí yóò gba plasma tí kò mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, àwọn ayẹ̀wéwò wọn yóò sì wá síbí, wọn yóò ṣí firísà, wọn yóò ní kí a mú ìwé òtútù oṣù mẹ́fà sẹ́yìn jáde.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Benin bá bi mí pé kí ni òun yóò ṣe fún oyè kejì, èsì mi ti wà nílẹ̀. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kan tí ó ń sin etí omi Warri, kí ó mú firísà kan níbẹ̀, kí ó máa kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí fún ọdún kan, ìgbà tí iná lọ, ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, ìgbà tí dísù tán. Kí ó sì wọn Factor VIII inú àwọn àpò tí ó wà nínú rẹ̀ lóṣooṣù, kí a lè mọ̀ bóyá plasma tiwa yẹ fún tìtà, fún fífúnni, tàbí fún dídànù. Ó lè má rí ohunkóhun tí ayé yóò pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn olùdánwò ni ó kù tí yóò sọ bóyá wọn yóò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé fún oyè, tàbí wọn yóò tún ní kí ó lọ ka iye ẹni tí ó jẹ́ O ní Ughelli.